Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi Ń Fi Sápá Obìnrin

Bí o bá dé Ìbà tí o ní o ń wá Sùwébátù Gbàdàmọ́sí, àwọn ọmọdé àdúgbò lè má mọ ẹni tí ò ń wí. Ṣùgbọ́n sọ pé Ìyá Yunifọ́ọ̀mù lo fẹ́ rí, wọn á fà ọ́ lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí obìnrin yìí ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Láti Òkokomáikò dé Ọ̀tọ̀-Àwórì, kò sí ilé ìwé tí kò lè sọ àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù wọn fún ọ láì ronú, àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ rán ṣòkòtò péńpé fún sì ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a báyìí.

Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni, opó sì ni. Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń gbé, òun àti àwọn ayálégbé rẹ̀. Ọmọ méje ló bí, márùn-ún ló kù. Kẹ́mi ni àbígbẹ̀yìn, òun nìkan ló sì kàwé di nọ́ọ̀sì nínú wọn. Ọjọ́ tí Kẹ́mi kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ojú títì. Ó ń ṣe bíi pé òun fẹ́ ra òwú, ṣùgbọ́n ohun tó ń wá ni kí gbogbo ènìyàn rí i pé òun ló ni ọmọ yìí.

Ọdún kan ni Kẹ́mi fi ń fún àwọn ọmọ ìkókó lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Ìbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Láti ìgbà náà ni ohùn ìyá rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí gan-an lọmọ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀, á ní, "Àwọn ọmọ ìkókó ló ń tọ́jú." Irọ́ kọ́ pátápátá. Òótọ́ tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá ni.

Ohun tó ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Kò sí ibi ìsọmọlórúkọ tí yóò lọ tí wọn kò ní í gbàdúrà ọmọ fún àwọn ìyàwó níṣojú rẹ̀, kí òun náà sì fi gbogbo ẹnu ṣe àmín. Báwo ló ṣe fẹ́ wá sọ fún àwọn ènìyàn yìí kan náà pé ọmọ tòun ló ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn kò ṣe ní í lóyún?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, níbi àṣàlátù, wọ́n ti parí àdúrà, wọ́n ń tọ́jú ẹní, ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bá yíjú sí i.

"Ìyá Yunifọ́ọ̀mù, mo gbọ́ pé ọmọ yín ni nọ́ọ̀sì tó ń ki nǹkan bọ àwọn obìnrin lápá, tí wọn ò fi ní í bímọ mọ́?"

Sùwébátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Nọ́ọ̀sì ni," ni gbogbo ohun tó rí sọ. Ó sì yára béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í pé ṣé ara ọmọ rẹ̀ ti yá.

Ojú ń tì í títí tó fi délé. Nígbà tó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó wá yé e pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn gan-an ló ń tì í lójú. Ó ti sẹ́ ọmọ ara rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kò jalè, tí kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin sí ìgbà náà tí Ṣẹ́gun fi wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ayálégbé rẹ̀ ni Ṣẹ́gun, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, táìlì ló ń lẹ̀ sílẹ̀ ilé kiri Èkó. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun lòun àti Dámilárá ìyàwó rẹ̀ ń lọ, ọmọbìnrin méjì ni wọ́n sì bí: Ànúolúwapọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì kò tíì pé ọdún kan. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Ṣẹ́gun. Ìdí nìyí tí Sùwébátù fi dá máṣíìnì dúró nígbà tó rí i tó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú gírígírí, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí." Ó ká ọwọ́ bùbá Dámilárá sókè. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Sùwébátù fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ awọ nínú apá náà, bí igi ìṣáná.

"Ọmọ yín ló fi í síbẹ̀," ni Ṣẹ́gun wí. "Oṣù mẹ́ta rèé tí ìyàwó mi ò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹ̀jẹ̀ náà ti ń gbára jọ sínú rẹ̀, pé tó bá yá, igi yẹn á rìn lọ bá ọkàn rẹ̀. Bàbá kan tó ń ta oògùn ní Òkokomáikò ní òun á fi bíléèdì yọ ọ́ kíákíá. Ibẹ̀ là ń lọ yìí. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín ni, torí ẹ̀yin lẹ bí nọ́ọ̀sì."

Ilẹ̀ ni Dámilárá ń wò.

Sùwébátù dìde nídìí máṣíìnì. "Ṣẹ́gun, jókòó."

"Màmá, ó ti..."

"Mo ní o jókòó. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lápá ìyàwó ẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ bíléèdì, òun ni mo fi ń tú aṣọ látàárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó máa fi tú ènìyàn nínú ilé yìí."

Ṣẹ́gun jókòó. Sùwébátù bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Kẹ́mi lórí fóònù, ó rò fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tó sọ tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo fi nǹkan yẹn sí Dámilárá lápá?"

"Màámi, ẹ má bi mí ní ìyẹn."

"Èmi? Èmi ìyá ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíléèdì kàn án." Kẹ́mi tún fi kún un: "Sátidé tó ń bọ̀, mi ò sí níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wá bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, àti àwọn ará àdúgbò tó bá fẹ́ wá. Ohun tó ń ba Bàbá Ànú lẹ́rù yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bà lẹ́rù, wọn ò kàn rí ẹni bi ni."

Inú Sùwébátù kò dùn sí ìdáhùn tí ọmọ rẹ̀ fún un. Ó sì ń ro ojú tí àwọn obìnrin àṣàlátù yóò fi wo òun tí wọ́n bá gbọ́ pé nínú ọgbà òun ni wọ́n ti ń ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Dámilárá lójú fèrèsé, tó ń fi ọwọ́ kejì pa apá náà bí ẹni pé ó ń dùn ún.

"Agogo mélòó lo máa dé?" ló bi Kẹ́mi.

Nígbà tó padà wọlé, ó sọ fún Ṣẹ́gun pé kó ní sùúrù di Sátidé. Tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, òun fúnra òun yóò bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yọ ọ́ bó ṣe tọ́. Ṣẹ́gun gbà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, ìròyìn ti tàn dé òpópónà kejì. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, bẹ́ńṣì kún, ẹní kún, àwọn mìíràn jókòó sórí garawa omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Sùwébátù ka ogún obìnrin, ó tún ka méje lé e. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń tẹ táyà ọ̀kadà kan tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣẹ́gun wà lára wọn.

Kẹ́mi wọlé pẹ̀lú báàgì dúdú kan. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló da ohun tó wà nínú báàgì sórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ: páálí oògùn oníhóró, ìgò abẹ́rẹ́ kékeré, lúùpù, kọ́ńdọ̀mù, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi ti ìṣáná. Sùwébátù jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri, kí ẹnikẹ́ni má bàa wo ojú rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi," ni Kẹ́mi wí. "Mi ò wá láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má bímọ. Iye ọmọ tó bá wu kálukú, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ohun tí mo wá fún ni ìbéèrè. Kò sí èyí tó burú, kò sí èyí tó jẹ́ ti òmùgọ̀. Ta ló máa ṣíwájú?"

Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ aṣọ. Ó pẹ́ kí Ìyá Ayọ̀wálé tó la ẹnu. Sójà ni ọkọ obìnrin yìí, bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ayálégbé níbẹ̀ ló pè é wá.

"Nọ́ọ̀sì, oògùn oníhóró yìí ni mo lò. Wọ́n máa ń gbé ọkọ mi lọ ibi iṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tó bá wálé ni mo máa ń gbé ọ̀kan mì. Báwo ni mo ṣe tún wá lóyún?"

Ẹ̀rín bú sáyé. Kẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó bẹ́ẹ̀. Lóṣooṣù ni ara obìnrin máa ń tú ẹyin kan jáde. Oògùn yìí ló ń sọ fún ara pé kó má tú u. Ẹ gbé e mì lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́la, ara ò gbọ́ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni, ní àsìkò kan náà, ọkọ wà nílé o, ọkọ ò sí nílé o. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ń gbàgbé, òmíràn wà tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èyí lọ. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín bá sì ga, ẹ sọ fún wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló bá yín lára mu."

Bí ìbéèrè ṣe ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Màmá arúgbó kan ní òun gbọ́ pé abẹ́rẹ́ máa ń ba ilé ọmọ jẹ́.

"Kì í bà á jẹ́, Màmá," ni Kẹ́mi dáhùn. "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín o. Tí obìnrin bá dá a dúró, oyún lè pẹ́ kó tó dé, ó lè gba oṣù mélòó kan, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pé ó ń ba ilé ọmọ jẹ́ ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ láìpẹ́, a máa ń ní kó yan òmíràn."

"Lúùpù ńkọ́?" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. "Wọ́n ní ọmọ kan wáyé ní Alábà lọ́hùn-ún, ó di lúùpù mọ́wọ́!"

"Ṣé ẹ rí ọmọ náà?"

"Èmi ò rí i. Ẹni tó sọ fún mi náà ò rí i."

Ẹ̀rín tún sọ. Kẹ́mi gbé lúùpù náà sókè kí wọ́n rí bó ṣe kéré tó. Ó ní inú ilé ọmọ ló ń jókòó sí, pé kò lè rìn lọ sí ọkàn bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù, torí ilé ọmọ kò ní ọ̀nà tó já síbẹ̀. Kọ́pà, ìyẹn irin bàbà tó wà lára rẹ̀, ni kì í jẹ́ kí àtọ̀ lè dé ibi tí ẹyin wà. Ó ní ó lè tó ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ọjọ́ tí obìnrin bá sì ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, wọn á yọ ọ́. Ó tún sọ pé ó lè yọ́ bọ́ jáde lára àwọn obìnrin díẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò.

Níbi tí Sùwébátù jókòó sí, ó ṣàkíyèsí pé òun ti fa àga òun síwájú. Kò mọ ìgbà tí òun ṣe é.

Ìyàwó kan tó gbé ọmọ pọ̀n ló wá béèrè èyí tó mú kí àwọn ọkùnrin ẹnu géètì yíjú wá. "Èyí tí wọ́n ń fi sápá yẹn. Tí nǹkan oṣù ò bá wá mọ́, níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ?"

Kẹ́mi wo àyíká. Kóòtù ilé ìwé kan wà lórí máṣíìnì ìyá rẹ̀, tí wọn kò tíì rán tán. Ó mú un, ó sì yí inú rẹ̀ síta fún wọn láti wò.

"Ẹ wo aṣọ inú yìí, èyí tí Màámi ń pè ní láínì. Lóṣooṣù, ilé ọmọ máa ń rán láínì tuntun fún ara rẹ̀, bóyá ọmọ máa wá sùn síbẹ̀. Tí ọmọ ò bá wá, á tú láínì yẹn dànù. Ohun tó tú dànù yẹn lẹ ń rí tí ẹ ń pè ní nǹkan oṣù. Oògùn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára igi kékeré yìí ò ní í jẹ́ kí ilé ọmọ rán láínì tó nípọn. Èyí tí wọn ò rán, kí ni wọ́n fẹ́ tú níbẹ̀? Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń gbára jọ síbì kan. Tẹlòmíràn kì í dáwọ́ dúró, á máa rí i díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ tí kò retí rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, kó padà wá bá wa. Igi náà sì rèé, kì í rìn. Ibi tí a bá fi í sí lábẹ́ awọ la máa ń bá a, ọdún mẹ́ta o, ọdún márùn-ún o, bí irú rẹ̀ bá ṣe jẹ́."

Orí Sùwébátù wú. Ogójì ọdún tó ti ń fi láínì sínú kóòtù, kò ronú kàn án rí pé iṣẹ́ ọwọ́ òun lè la ohun tó wà nínú ara obìnrin yé ènìyàn. Ọmọ tó máa ń sùn sábẹ́ máṣíìnì lórí àjákù aṣọ ló ń fi ìdí iṣẹ́ òun kọ́ gbogbo àdúgbò yìí. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Gbogbo wọn ló lajú sílẹ̀ tí wọ́n ń wo Kẹ́mi.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bámikẹ́ na ọwọ́ sókè. "Àbúrò mi kan ló ń lo oògùn wárápá. Ṣé ó lè fi èyí sápá?"

Kẹ́mi fi igi náà sílẹ̀ lórí tábìlì. "Mo mọ̀ pé àwọn oògùn kan wà tó máa ń bá a jà, tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ti àbúrò yín wà lára wọn, mi ò sì ní méfò fún yín. Ẹ bá mi mú páálí oògùn náà wá lọ́jọ́ Ajé, n ó bi dókítà wa." Ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú gbogbo wọn.

Èyí ló wọ Sùwébátù lára jù. Ó ti lé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ rí nítorí pé wọ́n ń fi ojú díwọ̀n aṣọ oníbàárà. Ó mọ bó ṣe le tó kí ènìyàn dúró níwájú èrò kó sì ní òun kò mọ̀. Ó fẹ́ pàtẹ́wọ́, ó rántí pé ìyá rẹ̀ ni òun, ó pa ọwọ́ pọ̀ lé itan.

Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun ti fi géètì sílẹ̀, tó rìn wọ àárín ọgbà.

"Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ti gbogbo ayé. Tèmi ni kí ẹ sọ. Ṣé ìyàwó mi wá bá yín, àbí kò wá? Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Kẹ́mi kò gbé ohùn sókè, kò sì gbé ojú kúrò.

"Bàbá Ànú, ẹ má bínú sí mi, sà. Ohun tí obìnrin bá bá mi sọ nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ló ń wà. Màámi tó bí mi bi mí léèrè lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mi ò dá wọn lóhùn. Tí ẹ̀yin náà bá wá bá mi lọ́la, tí ẹnikẹ́ni ní kí n sọ ohun tí ẹ wí, bí n ó ṣe dá a lóhùn náà nìyẹn."

Àwọn ènìyàn yíjú wo Sùwébátù. Ó rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn tó bí i nínú ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn ti wá di ohun tó fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dámilárá ló dìde lórí ẹní, ọmọ wà lápá rẹ̀.

"Mo lọ," ló wí. "Èmi ni mo lọ. Bàbá Ànú, ẹ rántí ìgbà tí mo bí èyí? Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára mi? Ẹ̀yin lẹ sáré kiri wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi lára. Dókítà ní kí n sinmi ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá yín sọ ọ́, ẹ ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń ṣọ́ wa. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kú kí n fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún yín."

Ṣẹ́gun fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, sìmẹ́ńtì funfun ibi iṣẹ́ ṣì wà lẹ́bàá èékánná rẹ̀.

"O ò bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin," ló wí níkẹyìn.

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá yíjú sí Kẹ́mi. Ìbéèrè ló fẹ́ bi í báyìí, kì í ṣe ìjà ló ń wá mọ́. "Tí ọdún méjì yẹn bá pé, ta ló máa yọ ọ́? Tí wọ́n bá sì yọ ọ́, ó máa tó ìgbà wo kó tó lè lóyún?"

"Àwa tí a mọ̀ ọ́n fi sí la mọ̀ ọ́n yọ, sà. A ó kọ́kọ́ fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní í jẹ́ kó dùn ún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà. Kí ẹnikẹ́ni má fi bíléèdì kàn án níta, ẹ jọ̀ọ́. Tí a bá ti yọ ọ́, kì í pẹ́ tí ara fi ń padà sípò, oyún lè dé láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ ọkùnrin lẹ fẹ́, ìyẹn ò sí nínú báàgì mi o."

Ẹ̀rín Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ dún. Àwọn ọkùnrin tó kù fi táyà sílẹ̀, wọ́n wọlé wá jókòó. Ọ̀kan nínú wọn mú kọ́ńdọ̀mù kan lórí tábìlì, ó ní ṣé kò sí ju èyí lọ fún àwọn ọkùnrin ni. Kẹ́mi ní iṣẹ́ abẹ kékeré wà fún ọkùnrin tó bá ti bímọ tó, pé kì í pa okun ọkùnrin rárá, ṣùgbọ́n kó má yan èyí tí kò bá tíì dá a lójú. Ó sì rán gbogbo wọn létí pé nínú ohun tó wà lórí tábìlì yẹn, kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dáàbò boni lọ́wọ́ àrùn.

Wọ́n ti ń múra àtidìde nígbà tí Ìyá Ayọ̀wálé pariwo pé, "Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ò tíì sọ nǹkan kan! Màmá, ẹ̀yin tí ẹ bí méje, kí lẹ rí sí i?"

Sùwébátù dìde. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

"Mo bí mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Ó rẹ̀ mí. Mi ò rí nọ́ọ̀sì kankan bi, ojú sì ń tì mí láti bi ọkọ mi. Mo wá lọ bá ìyá àgbà kan, ó fún mi ní òrùka, ó ní níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní ìka mi, mi ò ní lóyún. Mo wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́ wẹ̀, mo wọ̀ ọ́ sùn, mo wọ̀ ọ́ ránṣọ." Ó nàka sí Kẹ́mi. "Òrùka yẹn ṣì wà ní ìka mi lọ́jọ́ tí mo bí ẹni tó dúró níwájú yín yìí."

Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà kan. Àwọn obìnrin ń lu itan, Ìyá Ayọ̀wálé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí garawa omi. Kẹ́mi bo ẹnu. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

"Mo dúpẹ́ pé òrùka yẹn ò ṣiṣẹ́," ni Sùwébátù wí nígbà tí ariwo rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ká ní mo rí ẹni bi nígbà náà, bí ẹ ṣe rí ẹni bi lónìí, ara mi ì bá sinmi. Ẹ bi í dáadáa. Ọmọ mi ni, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí."

Ní ọjọ́ Ajé, Ṣẹ́gun kò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Òun àti Dámilárá jọ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ apá rẹ̀ wò, wọ́n sì fi igi náà sílẹ̀ níbi tó wà. Bámikẹ́ mú páálí oògùn wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Dókítà ní oògùn wárápá yẹn wà lára àwọn tó máa ń bá ti apá jà, pé abẹ́rẹ́ tàbí lúùpù ló máa dára jù fún ẹni tó ń lò ó. Bámikẹ́ wá ní kò sí àbúrò kankan, òun gan-an ló ń lò ó. Kẹ́mi kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Bámikẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Sùwébátù nígbà tó ń dúpẹ́.

Ní àṣàlátù tó tẹ̀ lé e, Sùwébátù kò dúró de ẹni tó máa bi í. Bí wọ́n ṣe parí àdúrà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé ọkọ, yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni Kẹ́mi tèmi wà ní Ìbà. Ẹni tó bá ní ohun tó ń rú u lójú, kó lọ bi í." Nígbà tí wọ́n ń jáde, obìnrin tó bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn rọra sún mọ́ ọn, ó bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni nọ́ọ̀sì máa ń wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, Sùwébátù da aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ó bá àwọn obìnrin lórí ìlà lẹ́nu yàrá kan, ó jókòó tì wọ́n. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá yìí máa ń fara balẹ̀ dáhùn." Sùwébátù ní òun ti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kàn án, Kẹ́mi ṣílẹ̀kùn, ó rí i.

"Màámi! Kí ló dé? Ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan." Sùwébátù wọlé, ó wo tábìlì, ó wo ibùsùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wo àga tí ọmọ rẹ̀ fi ń jókòó. "Mo kàn ní kí n wá wo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́ ni."